Ìbéèrè Ọmọdé àti Ẹ̀bùn Ìparí Ọdún

Bí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin lọ́dọọdún, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ta kánópì sínú ọgbà rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Òbí á jókòó, wọ́n á pe orúkọ ọmọ, wọ́n á ní òun ló gba ipò kìn-ín-ní, ọmọ á jáde lọ gba ìwé àti ẹ̀bùn, ìyá á dìde jó, àtẹ́wọ́ á sì gba gbogbo ọgbà. Ayẹyẹ yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ibi tó ti wá, tàbí ohun tó ń kọ́ ọmọ tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì yẹ ní gbígbọ́, nítorí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ lónìí. Àwọn kan ní ẹ̀bùn àti àtẹ́wọ́ ló ń ba ọmọ jẹ́, pé wọ́n ń sọ ọ́ di ẹni tí kì í kàwé àfi bí yóò bá gba nǹkan, tí ẹ̀mí òfíntótó á fi kú mọ́ ọn nínú. Èrò tèmi yàtọ̀. Ohun tí ìtàn ilé-ìwé wa fi hàn ni pé ayẹyẹ àti òfíntótó ti jọ gbé pọ̀ rí láìjà. Ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé àkọ́sórí, tí ìbéèrè ọmọ kò sì mówó wọlé fún ẹnikẹ́ni, ni àwọn méjèèjì pínyà. Ohun tí ilé-ìwé bá ń tìtorí rẹ̀ yẹ́ ọmọ sí ni ọmọ á máa lépa, ìyẹn ló sì yẹ ká máa yẹ̀ wò, kì í ṣe àtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé, Yorùbá ti ń ṣe ayẹyẹ fún ọmọ tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, lọ́dọ̀ agbẹ́gilére tàbí lọ́dọ̀ aláró mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀gá òun yóò pe ẹbí jọ, tí wọn yóò ṣàdúrà, tí wọn yóò sì tú òun sílẹ̀ láti lọ dá dúró. Àṣà yìí kò parun. Òun ni àwọn télọ̀, onídìrí àti mẹkáníìkì òde òní ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù. Ilé kéwú náà ní tirẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá kí oníwàásù òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ilé kéwú sì bá a rìn. Orí wàláà, ìyẹn pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kálámù àti tàdáà kọ̀wé sí, ni ọmọ ti ń kọ́ álífù. Bó bá ti mọ èyí tí alfa kọ fún un tán, á fi omi fọ wàláà náà, alfa á sì kọ òmíràn. Bí ọmọ bá dé àwọn súrà kan, òbí rẹ̀ á ṣe sàráà kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ọmọ ń tẹ̀ síwájú. Bó bá wá ka Àlùkùránì já, wọ́n á ṣe wòlímọ̀ fún un: á wẹ láwàní, á jókòó láàárín èrò, á kéwú jáde létí gbogbo ènìyàn, wọ́n á máa náwó fún un, oúnjẹ á sì pọ̀. Ohun kan wà nínú fírídọ̀ọ̀mù àti wòlímọ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ tó yẹ ká fi ọkàn sí. Kò sí ipò kìn-ín-ní níbẹ̀, kò sì sí ipò ìkẹyìn. Ọmọ tó yára parí ní ọdún mẹ́ta ṣe tirẹ̀, èyí tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ ṣe tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ka ọ̀kan sí olódo nítorí pé èkejì ṣáájú. Iṣẹ́ tí a parí ni à ń yẹ́ sí. Òótọ́ ni pé wọ́n sábà ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ pọ̀ ṣe wòlímọ̀ ọjọ́ kan náà lónìí, ṣùgbọ́n kálukú ló ṣì ń kéwú tirẹ̀.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ayẹyẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ńkọ́? Ilé kéwú, àkọ́sórí ni. Nínú ilé, ọmọ tó bá ń bi àgbà léèrè lemọ́lemọ́, aláfojúdi ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, mi ò sì ní fi ìgbéraga ìran bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò mọ síbẹ̀. Ilé tó ní kí ọmọ má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà ní ọ̀sán ni ilé tó ń pa àlọ́ lálẹ́. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ọmọ ọdún méje lè dojú ọ̀rọ̀ kọ bàbá bàbá rẹ̀ kí ó sì ní kó já a, bí bàbá kò bá sì lè já a, ọmọ ló borí, gbogbo wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà kì í fi ẹnu béèrè púpọ̀, ojú àti ọwọ́ ló fi ń béèrè: á wo bí ọ̀gá ṣe ń fẹ́ iná, á dán an wò, á bàjẹ́, á tún un ṣe. Ibi tí àwọn baba wa fi ìbéèrè sí ní àkókò àti àyè tirẹ̀. Wọn kò pa á. Àti pé bí àkọ́sórí bá tilẹ̀ gbilẹ̀ ní ilé kéwú, kò sí ìjọba kan tó ń ka iye ọmọ tó kéwú láìṣìṣe kó tó san owó alfa. Ìyàtọ̀ yẹn yóò hàn kedere láìpẹ́.

Ní ti ilé-ìwé òyìnbó, ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìtàn náà. Wọ́n kó Àjàyí, tó wá di Samuel Àjàyí Crowther, lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé-ìwé gan-an ló lọ tọrọ ẹ̀pìnnì kan, ìyẹn ìdajì kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, kó lè fi ra ìwé álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun, wọ́n sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ fún òun lóṣù. Irú ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ni kí a wò. Wọn kò kàn fún un lówó kó lọ jókòó. Wọ́n fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, pé kó máa kọ́ àwọn tó kù. Ọmọ tó bá ń kọ́ ẹlòmíràn á bá ìbéèrè pàdé lójoojúmọ́, kò sì ní lè sá fún un. Ní 1827 ni wọ́n gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, lára àwọn àkọ́kọ́, ní 1843 ló tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn ń pa òfíntótó ní láti ṣàlàyé Samuel Àjàyí Crowther fún wa: wọ́n san án lẹ́san láti kékeré, kò sì yéé béèrè títí tó fi darúgbó.

Àwọn oníjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé-ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ní Àgbádárìgì ní 1843, lábẹ́ àbójútó William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn oníjọ CMS tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ilé-ìwé ìgbà náà kéré, òbí púpọ̀ kò sì fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ tó yẹ kó wà lóko. Nítorí náà, inú oníwàásù máa ń dùn sí ẹnikẹ́ni tó bá wá, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ó ka Bíbélì kó sì yé e. Nígbà tí Henry Townsend, oníwàásù CMS, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, àwọn tó ti ilé-ìwé wọ̀nyí jáde ni ó ń tà á fún. Ìdí ẹ̀sìn ló gbé èdè wa lárugẹ níbẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ òfíntótó. Síbẹ̀ èrè rẹ̀ ni pé ọmọ lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tí kò yé e.

Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin náà fún Gold Coast àti Èkó, tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n sì yà Èkó sọ́tọ̀ ní 1886, wọ́n ṣe tirẹ̀ fún un ní 1887. Nínú òfin wọ̀nyí, ìjọba á ran ilé-ìwé ìjọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá pàtàkì nínú owó náà yóò tẹ̀lé bí ọmọ bá ṣe ṣe sí níwájú alábẹ̀wò. Kíka èdè Gẹ̀ẹ́sì, kíkọ ọ́, ìṣirò, àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún ọmọbìnrin ni owó wà fún. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti mú un wá. Àṣà náà ti wà níbẹ̀ láti 1862, àní Matthew Arnold, akéwì tó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, ti ta kò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Metcalfe Sunter ni wọ́n fi ṣe alábẹ̀wò fún gbogbo agbègbè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹnìkan ṣoṣo fún èbúté tó lọ láti Gáḿbíà títí dé Èkó. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún tíṣà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta tàbí ní Fájì. Ọjọ́ kan ni àlejò náà ń bọ̀ nínú ọdún, bó bá tilẹ̀ wá. Ọmọ á dìde, á ka ojú ewé kan, á kọ gbólóhùn tí wọ́n pè fún un, á ṣe ìṣirò díẹ̀, á jókòó. Bó bá yege, owó dé. Bó bá kùnà, owó lọ, owó náà sì ni wọ́n ń wò láti fi san oṣù tíṣà. Tíṣà tó gbọ́n yóò fi gbogbo ọdún múra ojú ewé yẹn sílẹ̀. Ọmọ tó bá béèrè ìdí tí omi òkun fi níyọ̀ ń fi àkókò owó ṣòfò. Èyí tó bá béèrè ní Yorùbá tún fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀, nítorí òfin náà kò san kọ́bọ̀ kan lórí Yorùbá. Àwọn oníwàásù àti àwọn oníwèé-ìròyìn Èkó ráhùn sí ọ̀rọ̀ èdè yìí, ṣùgbọ́n owó ni owó. Níbí ni mo ti rí orísun ohun tí a ń pè ní ìwà ilé-ìwé títí dòní: kí gbogbo kíláàsì máa ké ìdáhùn pọ̀, kí tíṣà máa bínú sí ọmọ tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, kí pàṣán máa dáhùn ìbéèrè. Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àṣà Yorùbá. Mo gbà pé ìwé ìṣirò owó ìjọba ló jẹ̀bi jù lọ.

Wọ́n lè fi Henry Carr ta kò mí. Ọmọ Èkó ni, a bí i ní 1863, inú ilé-ìwé ìjọ ló ti jáde, ó ka ìmọ̀ ìṣirò gboyè ní Fourah Bay, òun náà sì wá di alábẹ̀wò ilé-ìwé ní Èkó. Nígbà tó kú ní 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ló fi sílẹ̀, wọ́n sì di ara ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn. Bí àkọ́sórí bá ń pa òfíntótó, báwo ni irú ọkùnrin báyìí ṣe jáde? Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn mi ni pé ilé-ìwé kò lè pa òfíntótó ọmọ tó bá rí ìwé kà lẹ́yìn ilé-ìwé, tó sì wà láàárín àwọn tí ìwé jẹ́ ohun àmúyangàn fún, bí àwọn Sàró Èkó, ìyẹn àwọn tó ti Sàró padà wálé, ṣe rí. Ọmọ tí kò ní ju ìwé kan tí alábẹ̀wò yóò fi dán an wò lọ kò sí nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó la iná kọjá kò sọ iná di ohun rere.

Sísan owó nítorí èsì ìdánwò wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tí Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, gbé jáde ní 1916 fi ìwà, ètò àti ìmọ́tótó ilé-ìwé kún ohun tí wọn yóò máa wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà rin ìrìn-àjò gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920 sí 1921, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kò bá àyíká rẹ̀ mu; ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ohùn sí i nínú ìwé ìlànà 1925. Èyí ló gbé oko ilé-ìwé àti ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko wọ àtẹ àkókò iṣẹ́ ilé-ìwé. Èrò náà dára, àbájáde rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Òbí fura pé wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ rọ́pò kálámù kí ọmọ dúdú má bàa gòkè, ìfura wọn kò sì ṣàìnídìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, oko di ibi tí wọ́n ń rán ọmọ tó bá pẹ́ dé lọ. Ọmọ tó ń roko nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kò lè máa wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta gbòǹgbò. Síbẹ̀ ìdánwò ìwé mẹ́fà dúró bí ó ti wà, sátífíkéètì rẹ̀ ló sì ń mú ọmọ di akọ̀wé, nítorí náà ohun tí ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún kò yí padà. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's ní Aké, sọ nínú ìwé ìrántí ìgbà èwe rẹ̀ pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí òun fi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n òun lọ jókòó sí kíláàsì, nítorí ìwé wù ú. Wọ́n gbà á láyè. Inú kíláàsì àwọn kéékèèké, tí ìdánwò kò tíì dé, ni wọ́n ti gbà á; ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ ká ní ìwé kẹfà ló wọ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú ètò tí Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti gbé kalẹ̀ láti 1952, ayọ̀ tó wà nílùú kò ṣeé fi ẹnu sọ. Iye ọmọ ilé-ìwé fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Nítorí pé ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, tíṣà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó ọmọ ilé-ìwé. Bí kò bá kàn án, ọmọ á padà sílé pẹ̀lú ẹkún. Ọmọ tó ń sunkún nítorí wọn kò gbà á sílé-ìwé, ẹ̀rí òfíntótó wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àgbẹ̀ tí kì bá má mọ̀wé ló mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó bá a wá, òtítọ́ ni. Tíṣà tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kíláàsì kún, ọdún mẹ́jọ tí ọmọ ń lò tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà, ìgbìmọ̀ Bánjọ tí ìjọba yàn sì tọ́ka sí àléébù wọ̀nyí nínú ìròyìn wọn tó jáde ní 1961. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, tíṣà kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ka máàkì, kí ó tò wọ́n láti orí dé ìsàlẹ̀. Bí ilé-ìwé girama kò ti tó wọn, ipò di ọ̀ràn ìyè àti ikú, ẹ̀bùn ìparí ọdún sì di ti ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibí ni ìgbẹ̀yìn àṣà wòlímọ̀ nínú ilé-ìwé ìjọba: iṣẹ́ tí a parí kò ní àtẹ́wọ́ mọ́, àfi ẹni tó bá ṣáájú.

Lẹ́yìn òmìnira ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ jáde. Ní 1965, àwọn olùkọ́ni láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò sáyẹ́ǹsì kan fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìwé kékeré tí wọ́n ṣe fún tíṣà dá lórí kòkòrò kan tó ń gbẹ́ kòtò roboto sínú yanrìn gbígbẹ lábẹ́ òrùlé, tó sì ń lúgọ sísàlẹ̀ rẹ̀ de èèrà tó bá yọ̀ ṣubú. Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì fi igi tọ́ kòtò yẹn rí? Ìlànà ìwé náà ni pé bí ọmọ bá béèrè ohun tí kòkòrò yìí ń jẹ, tàbí bóyá ó lè rìn síwájú, kí tíṣà má sọ fún un. Kí ó ní kí ọmọ lọ bi kòkòrò náà: gbé èèrà síwájú rẹ̀, gbé ìyẹ̀fun síwájú rẹ̀, yí yanrìn padà, kí o wò ó. Nínú irú kíláàsì yìí, tíṣà kì í ṣe ẹni tó ni ìdáhùn mọ́, ọmọ tó bá sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ni gbogbo kíláàsì yóò kọjú sí.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìn-ín-ní 1970, yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá sì ni aṣíwájú rẹ̀. Àjọ Ford ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, tíṣà tó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé ìlànà tí gbogbo ilé-ìwé ń tẹ̀lé: ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Yorùbá, ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé, nítorí náà wọ́n jókòó kọ ìwé. Kò sí orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìṣirò, wọ́n wá a. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé ìwé kẹfà kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà nínú rẹ̀. Ohun tó yé mi nínú èyí kọjá ọ̀rọ̀ èdè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a bá já gbà kúrò nínú èdè rẹ̀ kì í dẹ́kun láti mọ ìdáhùn nìkan. Agbára láti béèrè ni ó kọ́kọ́ sọnù. Ó lè kọ́ gbólóhùn ìdáhùn sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò ṣeé kọ́ sórí, inú ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, èdè tó sì wà nínú rẹ̀ ni yóò bá jáde. Àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ kò pàdánù ọdún ìbéèrè wọn.

Àwọn kan ní àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ yẹn rí ojú rere, pé owó Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́yìn wọn, kò sì sí èyí tó lè dé gbogbo ilé-ìwé. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e dé ilé-ìwé mẹ́wàá mìíràn, ti ìlú àti ti abúlé, láti 1973. Wọ́n tún ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì pàtàkì náà ló ṣe é. Ó lè jẹ́ òun ló mú Gẹ̀ẹ́sì wọn dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àtakò kan wà tí mi ò lè bì ṣubú pátápátá, òun ni ti ìlú ńlá bí Èkó, níbi tí ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ègùn àti Hausa ti jókòó sí bẹ́ńṣì kan náà. Ibẹ̀ nílò ètò tirẹ̀. Kò wá yẹ kí ìṣòro Èkó máa dí ọ̀nà mọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn àti ti Ìjerò.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà ní ìparí oṣù Kọkànlá 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní Àkúrẹ́, wọ́n fagi lé e. Ìdí tí mínísítà ẹ̀kọ́ sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìwé kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án 2023, lẹ́yìn ìlànà náà, kò tíì kọjá ìwé kẹta nígbà tí wọ́n fagi lé e. Kò sí èyí tó tíì dé ìtòsí WAEC. Àwọn tó kùnà, abẹ́ ìlànà àtijọ́ ni wọ́n ti kàwé. Èsì ìdánwò tí a kò gbé yẹ̀ wò dáadáa ni wọ́n tún fi pinnu ohun tí ọmọ kéékèèké yóò máa gbọ́ nínú kíláàsì, nígbà tí ẹ̀rí ọlọ́dún mẹ́fà láti Modákẹ́kẹ́ ti wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1989.

Láàárín àkókò kan náà, ayẹyẹ ìparí ọdún ti gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń wọ aṣọ àti fìlà tí wọ́n ń wọ̀ ní yunifásítì, òbí ń yá owó láti san án, ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Nàìjíríà sì ti fòfin dè é. Mo lóye ìfòfindè náà, ṣùgbọ́n ó ń dojú kọ aṣọ nìkan. Fífi òfin de ayẹyẹ kò ní dá ìbéèrè padà sẹ́nu ọmọ, gẹ́gẹ́ bí oko ilé-ìwé kò ti dá a padà láyé ọjọ́un. Ìwé kan náà tí wọ́n fi kéde òfin náà lè pàṣẹ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró níwájú àwọn òbí, kí ó fi ohun kan tó ti tọpinpin láàárín ọdún hàn ní èdè tó bá yá a lẹ́nu: irúgbìn tó gbìn sínú agolo méjì, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú òkùnkùn, iye kẹ̀kẹ́ tó gba iwájú ilé-ìwé kọjá láàárín wákàtí kan, bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹni tó bá ní kò sí àyè fún gbogbo wọn, kí ó rántí pé ogójì ọmọ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì kò ju wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ, ọmọ tó gba ipò kẹtàdínlógójì á sì ti jókòó lórí àga pẹ̀lú agolo rẹ̀ lọ́wọ́, á máa retí kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.